Ìyìn Tó Di Èébú

"Tómi, omi ọmọ ti délẹ̀ o."

Ọláwùmí tún kan ilẹ̀kùn. Ó gbé bàsíà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti ìbàdí, ó fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ ọrùn, ó sì há agolo òrí mọ́ abíyá. Bí omi náà ṣe ń mì, bẹ́ẹ̀ ló ń ta sí i láṣọ.

"Olúwatómisìn! Ṣé ò ń gbọ́ mi? Omi ń tutù."

Kọ́kọ́rọ́ kò yí. Ohùn ìyàwó ọmọ rẹ̀ jáde láti inú yàrá, ohùn pẹ̀lẹ́ bíi ti ẹni tí inú kò bí rárá. Òyìnbó ló fi sọ̀rọ̀, torí pé òyìnbó nìkan ló gbọ́ dáadáa. Ó ní kí Mọ́mì má ṣèyọnu, òun ti wẹ ọmọ òun tán.

"O wẹ̀ ẹ́ báwo? Nígbà tí wọn ò tíì tan ẹ̀rọ omi láti àárọ̀!"

"Mo fi aṣọ tútù nù ún lára. Thank you, Mum."

"Thank you" yẹn ló ká Ọláwùmí lára jù. Ká ní ọmọbìnrin náà pariwo mọ́ ọn ni, ì bá rí èsì fún un. Ta ló lè bá ẹni tó ń dúpẹ́ jà? Ó gbé bàsíà padà sí ilé ìdáná, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó sì jókòó tì í.

Bí nǹkan ṣe rí nìyí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìyá ìkókó dé láti ọsibítù. Ilé Ọláwùmí wà ní Ipaja, níbi tó ti kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ti ilé náà pa, ó kó ẹrù wá sọ́dọ̀ Gideon ní Egbeda, torí pé Gideon nìkan lọmọ tó bí, ìkókó yìí sì ni ọmọ-ọmọ tó kọ́kọ́ fojú rí. Ó ra ẹja gbígbẹ, ó ra efinrin, ó ra aṣọ òfì kékeré kan tí yóò máa fi pọn ọmọ. Gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe fún un ní Ìkọ̀lé-Èkìtì nígbà tó bí Gideon ló múra láti ṣe fún Tómi.

Tómi kì í ṣe àjèjì. Ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ Manchester ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, àwọn òbí rẹ̀ ò sì fi èdè kọ́ ọ. Ibẹ̀ náà ni Gideon ti lọ kàwé tó ti rí i. Nígbà tí gbogbo ayé ń ta dúkìá láti sá lọ, àwọn méjèèjì di ẹrù wọn, wọ́n padà wá sí Èkó. Yorùbá tí Tómi gbọ́ kò ju ìkíni àti orúkọ oúnjẹ lọ. Ọláwùmí ò rí ìṣòro kankan nínú ìyẹn. Òyìnbó ni iṣẹ́ tirẹ̀, ó ti fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kí ni yóò wá ṣòro láti fi bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀?

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kejì ti ń parí lọ, kò tíì wẹ ọmọ náà rí. Bó bá gbé e, Tómi á dúró tì í bí ẹni tó yáni ní ohun èlò olówó ńlá, tó ń dúró kó gbà á padà.

Gideon yọ sí ilé ìdáná pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń wá ìbọ̀sẹ̀ kan.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Kò tíì kàárọ̀. Jókòó."

"Mọ́mì, mo ti pẹ́. Bí mi ò bá tètè débi iṣẹ́..."

"Mo ní kí o jókòó."

Ó jókòó sórí àga ike, ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́.

"Kí ni mo fi ṣe ìyàwó rẹ?"

"Kò sí nǹkan kan mà. Ara ẹ̀ ni ò tíì balẹ̀."

"Gideon, èmi ni mo bí ẹ. Bí o bá ń parọ́, ìpéǹpéjú ẹ a máa gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n báyìí. Kí ni mo ṣe?"

Gideon wo ọ̀nà yàrá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ní ọsibítù ni."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde láti tíátà. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú, ẹ ní, 'You tried.'"

Ọláwùmí dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù.

"Ẹn-ẹ́n? Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Òun náà nìyẹn mà."

"Mo ní ó gbìyànjú. Ẹni tó rọbí láti òwúrọ̀ Mọ́ńdè títí ilẹ̀ Túsìdeè fi ṣú, tí wọ́n tún wá là níkùn, ṣé kò gbìyànjú ni? Èébú wo ló wà níbẹ̀?"

"Ní Yorùbá, kò sí. Nínú òyìnbó tiwa níbí náà, kò sí. Àmọ́ nínú òyìnbó tiwọn..." Gideon fọwọ́ nu ojú. "Níbi tó dàgbà sí, bí wọ́n bá sọ fún èèyàn pé 'you tried', ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò rí i ṣe. Bíi ti ọmọ tó ṣèdánwò tó féèlì. Wọ́n á ní, pẹ̀lẹ́, o kúkú gbìyànjú. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu yín nìyẹn. Pé kò lè bímọ bí obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀, àmọ́ kó má banú jẹ́, ó ṣe ìwọ̀n tágbára ẹ̀ mọ."

Ọláwùmí kọ́kọ́ rò pé ọmọ òun ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó dìde.

"Try!" ló wí. "Ṣé ìwọ náà ò jókòó ní kíláàsì mi ni? Ẹni tó ń sapá, he is trying. Adájọ́ tó ń gbẹ́jọ́, he is trying the case. O fẹ́ ra bàtà, o kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò, you try it on. O tọ́ ọbẹ̀ wò, you try the soup. Ẹni tó ń dán sùúrù mi wò, bí ẹ ṣe ń dán an wò nínú ilé yìí, you are trying my patience! Mo kọ gbogbo ẹ̀ sójú pátákó, ẹ dà á kọ, ẹ gba máàkì. Níbo ni mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé èébú ni?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Nítorí ta ni kí n ṣe rọra? Ìgbà wo lo ti mọ ọ̀rọ̀ yìí?"

Gideon ń fa ìbọ̀sẹ̀ kejì wọ̀.

"Mo bi ẹ́!"

"Láti ọsibítù mà. Mo rò pé yóò kàn tán níbẹ̀ ni."

Inú tí kò tíì bí Ọláwùmí dénú bí i wàyí. "O mọ̀. Ò ń wò mí bí mo ṣe ń gbé omi lọ, tí mò ń gbé e bọ̀. Ò ń wò mí bí mo ṣe ń se ọbẹ̀ tí kò jẹ. O ò lè la ẹnu sọ fún un pé ìyá ẹ ń yìn ín ni?"

"Mo sọ fún un mà. Ó ní ó yé òun. Ó ní àmọ́ kò tán lọ́kàn òun." Gideon dìde. "Ẹ ṣáà bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Kí n bẹ̀ ẹ́ pé mo yìn ín?"

"Mi ò mọ ohun tí mo tún máa sọ mọ́, Mọ́mì. Bí mo bá wà lọ́dọ̀ ẹ̀, mo jẹ̀bi. Bí mo bá wà lọ́dọ̀ yín, mo jẹ̀bi." Ó gbé báàgì rẹ̀. "Òní ni wọ́n máa yẹ ojú egbò ẹ̀ wò. Ọ̀gá mi ò gbà fún mi. Ẹ bá mi mú un lọ, ẹ jọ̀ọ́ mà."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ọláwùmí gbọ́ bàtà rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Wàsílátù ló ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà tí etí rẹ̀ kì í tó. Bí Gideon ṣe ń jáde ló gbé ohùn sókè láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Màmá Gideon, ẹ kú ìtọ́jú ìkókó o! Mi ò gbọ́ igbe ọmọ lónìí. Ṣé ẹ ti wẹ̀ ẹ́ ṣá?"

Ọláwùmí yọjú lójú fèrèsé. "A ti wẹ̀ ẹ́ o."

"Kí ẹ nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀ o! Kí ẹ jù ú sókè, kó má baà máa bẹ̀rù!"

"A ti ṣe gbogbo ẹ̀, jàre."

Ó pa fèrèsé dé. Obìnrin tó ti tó ẹni à ń kí ní ìyá àgbà ń purọ́ láàárọ̀ kùtù nítorí omi ìwẹ̀. Ó wọ yàrá tí wọ́n fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ rẹ̀. Bí wọn kò bá fẹ́ òun níbí, Ipaja kò jìnnà. Ó ká ìró méjì, ó ká bùbá kan. Nígbà tó dé orí ẹ̀kẹta, ó rántí pé òun ṣèlérí fún Ọlọ́run pé òun yóò tọ́jú ọmọ yìí títí di ogójì ọjọ́, ó sì jókòó sórí ibùsùn láàárín àwọn aṣọ náà, kò mọ èyí tí ì bá ṣe.

Ó gbọ́ ìró ife nínú ilé ìdáná. Tómi ti jáde wá po tíì. Ọláwùmí ṣọkàn akin. Òyìnbó ló dá ìjà yìí sílẹ̀, òyìnbó náà ni yóò parí rẹ̀. Ó ti to gbólóhùn náà sórí kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Tómi dúró lẹ́bàá sítóòfù, ó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀ ikùn. Ó rù. Irun tí wọ́n dì fún un kó tó lọ bímọ ti ń tú.

"My daughter," ni Ọláwùmí bẹ̀rẹ̀, "Gideon ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ kó yé ẹ. When I say you tried, it means you did very well."

"Mo mọ̀, Mum. Ó ti ṣàlàyé." Tómi ń fi òyìnbó dáhùn, ojú rẹ̀ wà lára ife.

"Ẹn-ẹ́n! Ìyìn ni. Ìyìn gidi ni." Ara bẹ̀rẹ̀ sí í tu Ọláwùmí, ó sì ń bá òyìnbó lọ láìdúró to gbólóhùn mọ́. "Kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wí. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ pé o ò lè..."

Ó gbé ẹnu dúró, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́.

Tómi gbójú sókè. "Pé mi ò lè kí ni?"

"Ohun tí mò ń sọ ni pé Ọlọ́run ló mọ ìdí tí kò fi gba ọ̀nà tó yẹ kó gbà."

"Ọ̀nà tó yẹ."

"Má gbà á bẹ́ẹ̀, Tómi. Ọ̀nà tí... ọ̀nà tí gbogbo èèyàn..."

Bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń burú sí i. Òyìnbó tó ti ń sọ láti kékeré ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹja. Tómi gbé ife kalẹ̀. Kò pariwo.

"Lọ́jọ́ Sunday tó ṣáájú ìrọbí mi, ẹ pè wá lórí fóònù láti ṣọ́ọ̀ṣì," ló wí. "Ẹ ní kí Gideon yí kámẹ́rà sí ọ̀dọ̀ mi. Gbogbo yín wọ sùtánà funfun, ẹ ń gbàdúrà fún mi, inú mi sì dùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ọ̀rọ̀ kan. Abẹ. Abẹ. Gbogbo wọn ń ṣe àmín." Kò pe ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ṣùgbọ́n ó yé Ọláwùmí. "Mo bi Gideon pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kì í ṣe nǹkan kan. Mo lọ wá ìtumọ̀ rẹ̀ fúnra mi."

Ọláwùmí rántí. Ó ti ké e kíkankíkan, tórí-tọrùn: abẹ kò ní kàn án, bí àwọn obìnrin Hébérù ni yóò ṣe bí, wẹ́rẹ́ bí ìgbín ṣe ń bímọ. Àdúrà tí gbogbo ìyá ń gbà ni.

"Nígbà tí wọ́n ń tì mí lọ sí tíátà," ni Tómi wí, "mi ò ronú pé mo lè kú. Ohun tí mò ń rò ni pé kí ni mo máa sọ fún yín."

Ó gbé tíì rẹ̀, ó padà sí yàrá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ti ilẹ̀kùn, ó kàn fi í sílẹ̀ ní ìdajì, ìyẹn sì dun Ọláwùmí ju kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ṣé kí òun wá gbàdúrà pé kí wọ́n là á ni? Inú ń bí i sí Gideon tó dákẹ́. Inú ń bí i sí àwọn òbí Tómi tí kò fi èdè kọ́ ọmọ wọn. Ó ń bí i sí òyìnbó fúnra rẹ̀, tí èèyàn á fi gbogbo ayé rẹ̀ sìn, tí yóò sì dalẹ̀ ẹni lọ́jọ́ tí èèyàn nílò rẹ̀. Nígbà tó dé orí ara rẹ̀, kò fẹ́ dúró níbẹ̀ pẹ́. Ó dìde, ó lọ wọ bàtà.

Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn lọ sí ọ̀nà Ìgàndó. Ọmọ wà lọ́wọ́ Tómi. Ní gbogbo ibi tí kẹ̀kẹ́ bá ti já sí kòtò, Tómi á fún eyín pọ̀.

"Rọra, ọ̀rẹ́ mi," ni Ọláwùmí sọ fún awakọ̀.

"Mọ́mì, ṣé èmi ni mo gbẹ́ kòtò síbẹ̀ ni?"

"Mo ní kí o rọra!"

Ní ọsibítù, Tómi ní láti dùbúlẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tó lè gbé ọmọ sí. Ó nà án sí ìyá ọkọ rẹ̀ láìwò ó lójú. Ọláwùmí gbà á, ó dúró sí ìgbẹ̀yìn ibùsùn. Nọ́ọ̀sì tó wọlé kò dàgbà ju Tómi lọ, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé kò tíì sùn. Ó ká aṣọ sókè, ó mú etí pílásítà, ó fà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Igbe tí Tómi ké mú kí ìkókó náà ta gìrì.

"Ah-ah, mádáàmù! You are not trying at all," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó yíjú sí Ọláwùmí, ó bọ́ sí Yorùbá. "Mọ́mì, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Bó ṣe ṣe náà nìyí lọ́jọ́ tó ń rọbí. A ní kó gbìyànjú, kó gbìyànjú, kò gbìyànjú rárá."

Ọláwùmí wo nọ́ọ̀sì náà lójú. "Ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú ẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Èmi àti ìkejì mi ni."

"Ohun tí ẹ sọ fún un nìyẹn? Ní òyìnbó?"

"Ohun tí a máa ń sọ fún gbogbo wọn ni mà. Kí wọ́n lè ṣe gírí."

Láti òwúrọ̀ Mọ́ńdè títí ilẹ̀ Túsìdeè fi ṣú. Ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n ti ń sọ ọ́ sí ọmọbìnrin náà létí ní gbogbo ìgbà tí ìrora bá gbé e. Kó tó di ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ti pariwo abẹ lé e lórí nínú ìjọ, pẹ̀lú àmín. Nígbà tí òun Ọláwùmí wá dé ibùsùn rẹ̀, tí òun di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí òun fi ìfẹ́ sọ tòun, orí òkìtì ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ló bọ́ sí.

Ó súnmọ́ ibùsùn, ó sì wo ojú egbò náà. Kò tíì rí i rí. Ó ti rò pé ìlà kékeré kan ni, bíi ti ẹni tí ọ̀bẹ gé lọ́wọ́. Ó gùn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Wọ́n ti rán an bí ìgbà tí wọ́n rán ẹnu àpò, ibì kan ní ìkángun rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ń sun omi. Ẹni tí ara rẹ̀ rí báyìí ló ń dìde lóru fún ọmú, tó ń dìde láàárọ̀ láti fi aṣọ tútù nu ọmọ lára. Ọláwùmí ń gbé omi lọ, ó ń gbé omi bọ̀, kò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí òun rí ojú egbò.

Nọ́ọ̀sì tún nawọ́ sí pílásítà tó kù.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró."

"Mà?"

"Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ṣí i."

"Mọ́mì, bí a ṣe máa ń ṣe é..."

"Mo mọ̀. Ẹ fi omi rin ín. Ẹ má sì sọ fún un mọ́ níṣojú mi pé kò gbìyànjú."

Kò gbé ohùn sókè, àmọ́ ohùn olùkọ́ ni, nọ́ọ̀sì náà sì ti jókòó ní kíláàsì rí. Ó fúnnu pọ̀, ó lọ mú omi àti òwú. Pílásítà náà pẹ́ kó tó ṣí, ó sì ṣí láìfa awọ. Ó ní egbò náà kò tíì bàjẹ́, wọ́n á kọ oògùn sí i, kó máa sinmi.

"Ta ló máa jẹ́ kó sinmi?" ni Ọláwùmí bi ara rẹ̀.

Bí nọ́ọ̀sì ti jáde lọ wá dókítà, Tómi dùbúlẹ̀ síbẹ̀, omi ń ṣàn láti ìkángun ojú rẹ̀ wọ etí. Ọláwùmí fi apá kan gbé ọmọ, ó fi ọwọ́ kejì kan orí Tómi. Kò wá òyìnbó kankan.

"Pẹ̀lẹ́. Ó dùn ẹ́. Mo rí i báyìí pé ó dùn ẹ́ gan-an."

Tómi yí orí sí i. Ó wò ó bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àbùkù mìíràn. "Dùn?" ló wí. Òun náà mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ pé kó máa sọ nídìí oúnjẹ ni. "Sweet?"

Ẹ̀rù ba Ọláwùmí. "Rárá! Rárá o. Pain. Ó dùn ẹ́, it pains you."

"Kì í ṣe dùn ti ìrẹsì?"

"Òun náà ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni."

"Ọ̀rọ̀ kan náà?" Tómi tẹjú mọ́ ọn. "Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní lọ́kàn?"

Ọláwùmí la ẹnu láti ṣàlàyé. Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì. Ó pa ẹnu dé.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "I don't know."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tómi lójijì, ó sì fọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú. "Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ń... kí lẹ pè é?" Ó wá ọ̀rọ̀ náà. "Ó dùn."

"Ó dùn mí," ni Ọláwùmí wí.

"Ó dùn mí."

Ọláwùmí kò bẹ̀bẹ̀, Tómi náà kò sì sọ pé òun ti dárí jì í. Nígbà tí wọ́n parí, tí Tómi fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kò nawọ́ gba ọmọ. Ó di apá ìyá ọkọ rẹ̀ mú, wọ́n sì rìn jáde díẹ̀díẹ̀.

Wàsílátù wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n dé. Ó ń ṣa ẹ̀wà sínú àwo.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ewu, ìyàwó wa!" Ó dìde, ó yọjú wo ọmọ lọ́wọ́ Ọláwùmí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Wọ́n ní òun kọ́ ló fúnra ẹ̀ bí i. Wọ́n ní abẹ ni wọ́n fi gbé e. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Kì í ṣe òun lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè. Àwọn ará ìjọ ti pè láti Ipaja, Ọláwùmí sì ti sọ fún wọn pé Ọlọ́run ṣe é, ó gbọ́ àdúrà, ó sì ti yára yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn. Ó lè sọ ọ́ báyìí náà. Tómi ń wò wọ́n, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó mọ̀.

"Lóòótọ́ ni wọ́n là á níkùn," ni Ọláwùmí wí, kò sì rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. "Òun fúnra ẹ̀ ló bí i."

"Ẹn? Wọ́n là á, òun ló tún..."

"Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn ni, Wàsílátù."

Wọ́n kọjá lọ. Àtẹ̀gùn náà ga, Tómi sì ń dúró sinmi lórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní ìdajì ọ̀nà, ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú.

"Kí ni obìnrin yẹn bi yín?"

"Ó bi mí bóyá ìwọ lo bí ọmọ yìí."

"Kí lẹ sọ?"

Ọláwùmí wá gbólóhùn ní òyìnbó, ó sì rí méjì tàbí mẹ́ta. Ó fi wọ́n sílẹ̀.

"Mo ní, ìwọ lo bí i."

"Ìwọ lo bí i," ni Tómi sọ tẹ̀lé e.

"Rárá. Bó bá jẹ́ ìwọ lò ń sọ ọ́, wàá ní, 'Èmi ni mo bí i.'"

Tómi fa èémí. Ó wo ọmọ tó ń sùn lápá ìyá ọkọ rẹ̀.

"Èmi ni mo bí i."

Ohùn rẹ̀ wọ́ nílẹ̀ lórí 'bí', ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bíi 'bì', bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ èébì. Ẹnu yún Ọláwùmí láti tún un ṣe. Kò tún un ṣe. Ó dúró tì í títí tó fi rí okun gbé ẹsẹ̀ kejì, wọ́n sì gun ìyókù.